Káàdì Tí Mo Lóṣòó Tì ní Iléṣà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí kọ̀ǹpútà kan. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá wá jókòó kọ èyí tó gùn tó báyìí, ẹ mọ̀ pé ẹnu ti ń yún mi ni.

Sàkíírù ni orúkọ mi. Òkè-Baálẹ̀ ni ilé wa wà, ní Òṣogbo. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti sin ìjọba, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan bí mo ṣe ń wá iṣẹ́ mìíràn. Irú owó tó ń wọlé níbẹ̀, ẹ̀yin náà lè fojú inú wò ó.

Àwa mẹ́rin la jọ dàgbà ní àdúgbò wa. Mùbáráàkì ti wà ní Kánádà báyìí, Ṣẹ́gun wà ní Àbújá, Tájù wà ní Èkó. Èmi nìkan ló kù sílé. Ẹ má ṣàánú mi o! Mo fẹ́ràn ilé. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí Mùbáráàkì bá pè mí, màá ní dáadáa ni, òun náà á ní dáadáa ni, lẹ́yìn náà a ó wá máa gbọ́ èémí ara wa. Ṣùgbọ́n bí a bá jọ ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù, ọ̀rọ̀ á máa jáde lẹ́nu mi fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ jọ máa ṣe nǹkan kí ẹ tó lè sọ̀rọ̀?

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní kọ̀ǹpútà géèmù. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń pàdé. Láptọ́ọ̀pù tèmi kò lè gbé géèmù náà; bó bá gbìyànjú, á máa mí bí ẹni tó gbé ẹrù gun òkè. Ìwòran ni mo ń wò. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ líìgì, Mùbáráàkì kọ ọ́ sínú gúrúùpù wa pé àyè mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí líìgì bá bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò rí mi, ọmọkùnrin kan tí òun àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà ni yóò gba àyè náà. Kò fi halẹ̀ mọ́ mi. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mo wo owó tí mo ti tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò lè ra kọ̀ǹpútà géèmù tuntun, kò tilẹ̀ lè ra ìlàjì rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò. Arákùnrin kan ní Amẹ́ríkà ní kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ni òun fẹ́ kọ́ wa láti tò, ó wá ń dárúkọ iye tó lè ra ọkàdà tuntun! Olówó pọ́ọ́kú fún ta ni?

Mo pa fídíò tì, mo fi orí ara mi rò ó. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà géèmù, èwo ló ṣe pàtàkì jù? Àwọn kan ní ráàmù ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń náwó lé èyí tí iná aláràbarà ń tàn lára rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná aláràbarà kò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n rí. Ohun tó dá mi lójú ni pé gíráfíìsì káàdì, ìyẹn pátákó kékeré tó ń ya gbogbo àwòrán tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, òun ni géèmù ń yọ lẹ́nu jù. Bí káàdì bá dára, ìyókù lè gbó díẹ̀. Mo wá pinnu pé màá ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó ti lò sú, kí n wá fi káàdì gidi sí i.

Òkè-Fìà ni mo ti ra kọ̀ǹpútà náà, lọ́wọ́ Bọ̀dá Wásíù. Ẹnu Bọ̀dá Wásíù dùn! Wọ́n ní èyí tí mo dì mú yìí á gbé gbogbo géèmù tó wà láyé, àti èyí tí wọn kò tíì ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi ṣí i kí n wo inú rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?" ni wọ́n bi mí. "Ìyàwó gan-an, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò tó báyìí."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo inú rẹ̀ náà ni. Ó sì dáa tí mo wò ó. Páwà rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, kéré, kò sì ní wáyà tó lè fún káàdì ńlá níná. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé káàdì tí kì í jẹ iná púpọ̀ nìkan ló lè gbé nínú rẹ̀. Mo fi han Bọ̀dá Wásíù. Wọ́n wò ó, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo géèmù tí kò bá wúwo lohun tí àwọn ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Ó ku káàdì. Ti Òkè-Fìà ga ju apá mi lọ. Bọ̀dá Wásíù fúnra wọn ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Òkèsà, ní Iléṣà, tó ra gbogbo ẹrù ilé géèmù kan tó ti kógbá wọlé. Bọ̀dá Gbóyè ni wọ́n ń pè é. Mo pè wọ́n, wọ́n fi fọ́tò káàdì kan ránṣẹ́. Káàdì tó wù mí gan-an ni! Kì í jẹ iná púpọ̀, àwọn tó mọ̀ ń yìn ín, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tó wà lọ́wọ́ mi gẹ́lẹ́.

Èmi wá bi ara mi: kí ló dé tí owó rẹ̀ fi kéré bẹ́ẹ̀?

Mo kà nípa rẹ̀ títí. Káàdì tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé géèmù, nínú ooru àti eruku, láti àárọ̀ títí di alẹ́, lè máa tan nígbà tó bá tutù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó bá gbóná ni àrùn rẹ̀ máa ń jáde. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ó tàn, kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Èèyàn gbọ́dọ̀ gbá géèmù lórí rẹ̀ títí yóò fi gbóná dáadáa. Mo sọ èyí fún Bọ̀dá Gbóyè lórí fóònù. Wọ́n ní rárá. Bó bá ti tàn, ó ti parí. Ẹni tó bá ti gbà á, ti gbà á nìyẹn.

Káàdì kan ṣoṣo ni owó mi lè rà. Bí èyí bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, líìgì ti lọ, àyè mi sì ti di ti ọmọ Kánádà. Síbẹ̀ mo wọ mọ́tò.

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè dé Iléṣà kí n má yà kí ìyá ìyá mi. Ìròyìn á ti dé Òkè-Baálẹ̀ kí n tó délé! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni Màmá. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìdajì nínú yín á máa bi mí ní ìtumọ̀, nítorí náà mo yí i sí èyí tí gbogbo wa ń kà.

Wọ́n fún mi lóbì, wọ́n ní, "Ọkọ mi, kí ló wà ní Iléṣà tí kò sí ní Òṣogbo?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "O sọ fún un pé o fẹ́ dán an wò?"

"Mo sọ fún un, Màmá. Ó ní rárá."

"Ìwọ náà wá ní kí ni?"

"Mo ní ó dáa."

"O ní ó dáa!" Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi fẹ́ já bọ́ lórí wọn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ wọn, bàbá mi àgbà, tó ṣe òṣómàáló. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orúkọ yìí: àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà lọ́jọ́ owó, tí wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Ohun tí èmi ti rò láti kékeré ni pé alágídí ni wọ́n, aláriwo. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló purọ́ fún ọ?" ni Màmá wí. "Bàbá rẹ àgbà kò lè lé adìyẹ. Ohùn rẹ̀ kéré ju tìrẹ yìí lọ. Bó bá débẹ̀, á kí baálé, á kí ìyàwó, á kí ọmọ ọwọ́, á wá lóṣòó. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, kò ní jẹ. Wọ́n á gbé àpótí wá, kò ní jókòó. Kò ní bú ẹnikẹ́ni. Ta ló lè máa ṣe tirẹ̀ lọ nígbà tí èèyàn lóṣòó sí i lẹ́nu ọ̀nà?"

Wọ́n wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹnu rẹ kò lágbára, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n o ní orúnkún."

Mo dé ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ ni Bọ̀dá Gbóyè, ohùn wọn sì kún gbogbo ibẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

"Òṣogbo! O ti dé!" Bí wọ́n ṣe sọ mí lórúkọ nìyẹn. Wọ́n mú káàdì náà jáde. "Wò ó bó ṣe mọ́! Bí ọmọ tuntun!" Wọ́n fi í sínú kọ̀ǹpútà kan, ojú rẹ̀ tàn. "Ó tàn, àbí kò tàn?"

"Ó tàn, sà."

"Ó parí nìyẹn."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbá géèmù lórí rẹ̀ bíi wákàtí kan. Wọ́n pariwo. "Wákàtí kan! Ṣé o fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ilé géèmù ni? Wò ó, ọjà tèmi, bó bá ti kúrò lábẹ́ òrùlé yìí, kì í mọ̀nà ilé mọ́. Àbí o rò pé olè ni mí?"

Ẹ wo ìtìjú! Ta ló fẹ́ wo ojú ẹni tó jù ú lọ kó ní bóyá? Mo ní rárá sà, mo ní ó dáa, mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Òtítọ́ ni mo ń sọ fún yín, mo ti ń lọ. Ìgbà tí mo dé ibi àtẹ̀gùn ni mo rántí orúnkún.

Mo padà wọlé, mo kí àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo gbé báàgì mi síwájú, mo lóṣòó.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo ń dúró, sà."

"Dúró de kí ni?"

"Káàdì, sà. Kó gbóná."

Bọ̀dá Gbóyè ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Àmọ́ kò pẹ́ tí màmá kan wọlé láti wá ra ṣájà. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo Bọ̀dá Gbóyè. "Kí lọmọ yìí ṣe lóṣòó bí ẹni tó wá sin gbèsè?"

"Ẹ bá mi bi í, mà! N kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀!"

Màmá náà pàtẹ́wọ́. "Òṣómàáló! Mo rò pé wọ́n ti tán nílẹ̀!" Ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni kan ní kí wọ́n tètè lọ pa adìyẹ fún àlejò. Ẹlòmíràn bi mí bóyá aṣọ wà nínú báàgì mi. Bọ̀dá Gbóyè ju ọ̀rá omi tútù kan sí mi. Mo dúpẹ́, n kò mu ún. Wọ́n ti àga sí mi. Mo dúpẹ́, n kò jókòó.

Ṣé ẹ ti lóṣòó pẹ́ rí? Ẹ má dán an wò. Itan mi ń jó bí ata! Mo ń rò ó nínú ara mi pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà yìí má ṣiṣẹ́ láyé òde òní, pé ẹ̀rí kankan kò sí lọ́wọ́ mi ju ìtàn ìyá àgbà kan lọ. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé àwọn oníbàárà kò lọ mọ́. Wọ́n dúró láti mọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí.

Nígbà tó yá, Bọ̀dá Gbóyè jáde lẹ́yìn káńtà. "Ọmọ ta ni ọ́ gan-an ní Iléṣà yìí?"

Mo dárúkọ ilé Màmá. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bàbá bàbá tèmi náà, iṣẹ́ yẹn ló fi kọ́ ilé tí mò ń gbé. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan á yí kan àwa alára. Dìde, jàre. Wá gbá géèmù rẹ."

Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Màmá oníṣájà ló fà mí sókè!

A bẹ̀rẹ̀ géèmù. Bọ̀dá Gbóyè fúnra wọn gba páàdì kejì, wọ́n ní àwọn kò lè máa náwó iná mànàmáná kí àwọn kàn máa wòran. Wọ́n ń jẹ góòlù lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ń fi ẹ̀sùn kan rẹfirí. Káàdì ń gbóná, àwòrán rẹ̀ ń dán. Wọ́n ń wò mí ṣàn-án. "O rí i? O rí i?" Mo ti ń múra láti tọrọ àforíjì.

Lójijì, pápá bọ́ọ̀lù fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọ̀ àlùkò àti pupa bo ojú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn bọ́ sínú ara wọn bí àdìrẹ tí aró rẹ̀ kò mú. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Kò pẹ́ tó tún ṣe é. Wọ́n fọwọ́ kan káàdì náà, wọ́n yára fa ọwọ́ padà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bọ̀dá Gbóyè jókòó. Ohùn wọn wá sílẹ̀. Wọ́n ní báyìí làwọn ṣe ra gbogbo ẹrù náà, ó tàn, àwọn sanwó. Wọ́n ní àwọn ti ta méjì nínú rẹ̀. "Ó yẹ kí n pè wọ́n kí wọ́n tó pè mí," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Inú mi kò dùn pé mo jàre. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ọwọ́ òfo ni mo fẹ́ gbé padà sí Òṣogbo.

Ìgbà náà ni wọ́n fa dúrọ́ọ̀ kan, wọ́n mú káàdì kékeré kan tó ní eruku jáde. Wọ́n ní àwọn kò tilẹ̀ gbé e síta, nítorí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi gan-an ti yọ ọ́ kúrò lára ohun tí mo lè rà, nítorí gbogbo ẹni tó ń ṣe fídíò ló ń sọ pé ó ti gbó, pé kí èèyàn má fowó ṣòfò. Mo wá bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í tẹ́lẹ̀: ó gbó fún kí ni? Àwọn yẹn ń wá káàdì tó máa gbé géèmù tuntun lórí ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Èmi ńkọ́? Géèmù bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbá, ojú kọ̀ǹpútà mi sì kéré.

A fi í sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́tẹ̀ yìí, Bọ̀dá Gbóyè ló ń sọ pé, "Fi sílẹ̀, jẹ́ kó gbóná dáadáa." Mo dín ẹwà àwòrán kù díẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń yí geere. Màmá oníṣájà di olùka góòlù. A gbá a títí ó fi sú wa. Káàdì gbóná, ṣùgbọ́n kò ṣe wèrè. Mo rà á. Owó rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, ìyókù sì tó láti fi ra ráàmù kún un.

Mo padà lọ kí Màmá pé ó dàbọ̀. Ìborùn wọn ni wọ́n fi wé káàdì náà. Orí itan tó ń ro mí yìí ni mo gbé e lé títí a fi dé Òṣogbo. Bàbá mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo ìborùn náà. "Ṣé èyí lo lọ lóṣòó tì?" Ìròyìn ti ṣáájú mi délé!

Mo to kọ̀ǹpútà náà sí pálọ̀ wa. Ó tàn. Mo jẹ́ kó gbóná. Kò sí àdìrẹ kankan.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọlé sí líìgì. Mùbáráàkì ló kọ́kọ́ kàn mí. Ó nà mí bí ẹni na ẹ̀wà! Ṣẹ́gun àti Tájù ń pariwo nínú gbohùngbohùn, mo ń pariwo padà. Bó ṣe kù díẹ̀ kí a parí, ládàánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun àṣálẹ́. Mo sáré fẹ́ pa máìkì mi kí ariwo má dí wọn lọ́wọ́.

Agbábọ́ọ̀lù Mùbáráàkì ti dúró sójú kan. "Sàkíírù, ṣé mọ́ṣáláṣí wa nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ládàánì ìgbà yẹn náà?"

"Òun náà ni. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ."

"Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀," ni Mùbáráàkì wí. "Jọ̀ọ́, má pa máìkì."

Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan páàdì. A fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín pápá, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ́ ìpè ìrun Òkè-Baálẹ̀. Mo lọ kírun, mo padà dé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Iléṣà fún wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí, láti orí Màmá títí dé orí màmá oníṣájà. N kò rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Kí ni mo rí kọ́? Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ. Tí ẹ bá fẹ́ ra ohun tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ jẹ́ kó gbóná kí ẹ tó gbà á. Tí wọ́n bá ní nǹkan ti gbó, ẹ bi wọ́n pé ó gbó fún kí ni. Bákan náà, ẹni tí kò lẹ́nu lè ní orúnkún. Ní ti bóyá lílóṣòó á ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, n kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dán an wò, ilé ọmọ òṣómàáló ni mo sì ti dán an wò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ti dúró tì rí tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ? Èwo nínú ọjà tí gbogbo ayé ń kẹ́gàn ló sìn yín dáadáa? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá sì ń lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Gbóyè, wọ́n ní kí n jíṣẹ́ kan fún yín. Wọ́n ti gbé bẹ́ńṣì sẹ́nu ọ̀nà báyìí fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ kí ọjà gbóná. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.